Ìlẹ̀kùn Iyanrìn: Bí Èbúté Ṣe Dé Etí Òkun Wa

  Ọ̀rọ̀ òwò orí òkun àti àwọn ìlú èbúté ni mo gbé wá nírọ̀lẹ́ òní: Ouidah, Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Àgbádárìgì, Èkó, Ẹ̀pẹ́, títí dé Lẹ́kí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá Èkó ni ó ti jẹ́ èbúté. Wọ́n á ní omi yí i ká, òkun wà níwájú rẹ̀, kí ló tún kù? Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu odò Volta ní Gáánà títí dé ẹnu odò Benin, etí òkun wa tọ́ gbọnrangandan bí okùn tí a nà. Kò sí kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ lè sá sí, kò sí erékùṣù níwájú tí yóò gba ìjì dúró fún un. Omi kò jìn lẹ́bàá ilẹ̀, ìgbì sì ń fọ́ lu iyanrìn tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ ńlá tó bá fi ìgboyà sún mọ́ ilẹ̀, iyanrìn ni yóò gbé e mì.

Iyanrìn yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ni olórí ìtàn yìí. Ìgbì òkun wa kì í kọlu ilẹ̀ lójúkojú. Afẹ́fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ń tì í wá, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó ń ko iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, kò sinmi lọ́sàn-án, kò sinmi lóru. Iyanrìn náà ló dí ẹnu àwọn odò wa. Odò Ògùn ń bọ̀, Yewa ń bọ̀, Ọ̀ṣun ń bọ̀, wọ́n dé etí òkun, wọ́n bá ìlẹ̀kùn ní títì. Wọ́n wá tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri iyanrìn, wọ́n di ọ̀sà. Ní gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, láyé àtijọ́, ojú kan ṣoṣo ni omi ọ̀sà ti ń rí ọ̀nà gbà wọ òkun yípo ọdún, Èkó sì ni ojú náà wà. Ọ̀sà ló bí àwọn ìlú èbúté wa. Iyanrìn sì ni oníbodè wọn.

Àwọn Potogí ti ń gba ojú òkun wa kọjá láti nǹkan bí 1472. Síbẹ̀, ọkọ̀ wọn kì í gúnlẹ̀. Ó ń dá ìdákọ̀ró sí ojú agbami ni, tí ènìyàn bá dúró sí etíkun á máa wò ó lókèèrè. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń lọ pàdé rẹ̀. Ta ni ń tu ọkọ̀ ọlọ́pọ́n náà? Ìdáhùn rẹ̀ ya èmi fúnra mi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn èrò ẹ̀bá ọ̀sà gbówọ́ nínú omi ọ̀sà, ṣùgbọ́n ìgbì òkun kì í ṣe oko wọn. Àwọn oníṣòwò máa ń háyà atukọ̀ láti Elmina àti agbègbè rẹ̀ ní Gáánà, àwọn tí wọ́n ti ń pẹja lójú òkun tipẹ́. Àwọn wọ̀nyí mọ bí a ti ń ka ìgbì. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo ìgbì tó ń bọ̀, wọ́n á jẹ́ kí àwọn ńlá kọjá, kí wọ́n tó fi àjẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru: ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ ni òwe yìí fún wọn, ìmọ̀ iṣẹ́ ni. Púpọ̀ nínú wọn kò padà sílé mọ́. Ìlú Aného ní orílẹ̀-èdè Tógò òní, ọwọ́ àwọn tó wá láti Elmina àti àwọn Gã ni ó ti fìdí múlẹ̀, a sì ń gbọ́ orúkọ Mina níbẹ̀ títí di òní.

Nítorí ìgbì yìí, ìlú èbúté wa kì í sábà dúró lójú òkun. Ẹ wo Ouidah. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí èbúté, bẹ́ẹ̀ bí ìrìn kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó wà sí òkun, ọ̀sà sì wà láàárín. Ọba Agaja ti Dàhómì gbà á ní 1727. Láti ìgbà náà ni Dàhómì ti di ẹnu ọ̀nà yẹn mú. Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀ ń gba Àjàṣẹ́ ṣòwò, ìlú tó jìnnà sí òkun ju Ouidah lọ, ẹ̀bá ọ̀sà ni òun náà wà. Àgbádárìgì wà lẹ́yìn ọ̀sà, erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú ló yà á kúrò lójú òkun.

Ọjà tí wọ́n ń kó gba àwọn ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ènìyàn ni. Láti Ouidah nìkan, àwọn tí a kó lọ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ dàrú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun ń jà káàkiri, Èkó ló wá di ọ̀gá nínú òwò burúkú yìí. Ìdí nìyẹn tí èdè wa fi wà ní Bahia ní Bùràsíìlì àti ní Kúbà títí di òní. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ Ṣàngó àti Yemọja níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀sà wa ni wọ́n gbà jáde.

Ọ̀kan nínú wọn kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí omi. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó jẹ́ ká mọ̀ pé omi tó rí níwájú rẹ̀ ló bà á lẹ́rù jù lọ, nítorí ọmọ ilẹ̀ odò kékeré ni; kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Ohun kan wà nínú lẹ́tà yẹn tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ó ní òun lo bí oṣù mẹ́ta ní Èkó kí òun tó fojú kan òyìnbó kan. Oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin ará! Láti Òṣóògùn títí dé Èkó, àwa ni a mú un, àwa ni a tà á, àwa ni a rà á, àwa ni a tu ọkọ̀ tó gbé e kọjá ọ̀sà. Ọkọ̀ òyìnbó ń dúró lójú òkun nítorí pé iyanrìn kò jẹ́ kí ó wọlé. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ìtàn èbúté tí kò bá sọ eléyìí kò tíì sọ nǹkan kan. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ Potogí tí Àjàyí wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sierra Leone.

Kí ni wọ́n fi ń san owó ẹrú? Aṣọ, tábà, ìbọn, ọtí, àti owó ẹyọ. Owó ẹyọ kò tinú òkun wa jáde rárá. Erékùṣù Maldives lójú Òkun Íńdíà ni ó ti ń wá, ọkọ̀ á gbé e dé Yúróòpù, kí ó tó tún gbé e wá síbí. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000, kún àpò kan, ẹrù orí ni. Ọ̀nà ìkà wa, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́, òórùn ọjà àti ti èbúté ń bẹ lára rẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́wọ́ wọn. Bí owó bá pọ̀ ju ọjà lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Owó ẹyọ já wálẹ̀, ọlọ́rọ̀ tó fi í kún àká wá di ẹni tó ń wo òkìtì ìkarawun.

Ní 1807 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn ará ìlú wọn, ṣùgbọ́n ní Èkó, nǹkan kò yí padà kíákíá. Ìjà oyè ọba Èkó tó wà láàárín Akíntóyè àti Kòsọ́kọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá rí gbà wọlé. Ní oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn lu Èkó. Àwọn ọkọ̀ wọn tó tóbi jù kò lè kọjá iyanrìn ẹnu ọ̀sà. Àwọn kéékèèké bí Bloodhound àti Teaser ló wọlé, àwọn náà sì rì mọ́ iyanrìn. Oníbodè wa kò mọ ẹni tí í ṣe ọba òyìnbó. Bó ti wù kó rí, Èkó jóná, Kòsọ́kọ́ bá ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, Akíntóyè padà sórí oyè, ó sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1852. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1861, ọmọ rẹ̀, Dòsùnmú, fi Èkó sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tó dúró sí ojú omi.

Ibi tí Kòsọ́kọ́ ṣe é mọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ó dé Ẹ̀pẹ́ tán, kò jókòó kó máa sunkún Èkó. Ó mọ̀ pé èbúté ni agbára. Nínú àdéhùn tí òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1854, wọ́n gbà pé Palma àti Lẹ́kí, méjèèjì létí òkun, jẹ́ èbúté tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Lẹ́kí. Etí òkun tí gbogbo wa wá mọ̀ sí ilé olówó lónìí, epo pupa ni wọ́n ń kó níbẹ̀ sínú ọkọ̀ òyìnbó ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn. Epo náà ń tọ ọ̀sà wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò gba Èkó, kò sì san owó ibodè Èkó. Èyí ká àwọn aláṣẹ Èkó lára. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, nígbà tó di 1863, wọ́n ti fi Palma àti Lẹ́kí kún ilẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìlẹ̀kùn kejì tún di títì.

Epo pupa àti èkùrọ́ ló gba ipò ènìyàn lórí ọ̀sà. Yúróòpù nílò epo láti fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, àti láti fi pa ẹ̀rọ lára. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ṣe epo, àwọn ni wọ́n ń pa èkùrọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di gbajúmọ̀ láwùjọ. Ẹfúnróyè Tinúbú ṣòwò títí agbára rẹ̀ fi ba àwọn aláṣẹ lẹ́rù, wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì tún di ọlọ́lá níbẹ̀. Táíwò Olówó ń ṣòwò odò Ògùn láti Ìṣẹrì. Àwọn Sàró, ọmọ wa tí a gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, dé láti Freetown; àwọn Àgùdà, ọmọ wa tó ti oko ẹrú bọ̀, dé láti Bùràsíìlì àti Kúbà. Ọ̀kan nínú àwọn Sàró, James Davies, ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun tó lu Èkó kó tó di oníṣòwò ńlá. Òun náà ló wá gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjan lẹ́bàá Agége, irúgbìn tí yóò kún inú ilé ìkẹ́rùsí Apápá lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn Àgùdà ní tiwọn ń fi obì, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òkè ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wọn àti àwọn oníbàárà ní Bahia. Ẹ rò ó wò: ọ̀nà omi tí a gbà kó ènìyàn lọ, òun náà ni aṣọ òkè ń gbà lọ bá wọn.

Láti 1852 ni ọkọ̀ eléèéfín ti ń gbé lẹ́tà àti ẹrù wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òwò ń gbòòrò, ọkọ̀ ń tóbi sí i, ṣùgbọ́n iyanrìn wà níbi tó wà. Omi tó wà lórí rẹ̀ nígbà mìíràn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 10 lọ. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ sí Èkó á kọjá Èkó lọ, á lọ sí Forcados ní Niger Delta níbi tí odò ti jìn, á já ẹrù àti èrò sínú ọkọ̀ kékeré, èyí á wá gbé wọn padà bọ̀ wá sí Èkó. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dá ìdákọ̀ró sí agbami, inú àga onígi tí wọ́n fi okùn so ni wọ́n ti ń sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ìyá ọlọ́mọ, bíṣọ́ọ̀bù, gómìnà, gbogbo wọn. Bí ìgbì bá gbé ọkọ̀ sókè nígbà tí àga ń bọ̀ nílẹ̀, egungun lè kán.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí sú gbogbo ènìyàn ni wọ́n dojú kọ iyanrìn fúnra rẹ̀. Ní 1907, ọkọ̀ agbẹ́yanrìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀sà. Ní 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun, apá kan níhà ìlà-oòrùn, apá kan níhà ìwọ̀-oòrùn, bí ọwọ́ méjì tó nà jáde láti gba ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé kí omi ọ̀sà tó ń jáde gba àárín tóóró náà pẹ̀lú agbára, kó máa gbá iyanrìn lọ. Òkúta náà, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fọ́ ọ, ọkọ̀ ojú irin ló sì gbé e wá. Àpáta ìlú tó wà lábẹ́ Olúmọ ló wà nínú òkun Èkó lónìí. Iṣẹ́ náà jẹ́. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ inú ọ̀sà, Forcados kò sì jẹ́ dandan mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí iyanrìn tó ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ó dé ibi ògiri òkúta, ó dúró. Níhà ìwọ̀-oòrùn, etíkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Níhà ìlà-oòrùn, ebi iyanrìn pa etíkun: ìgbì ń ko ti ibẹ̀ lọ, òmíràn kò sì dé láti rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bar Beach wà nígbà náà. Àwọn àgbà Èkó tó dàgbà síbẹ̀ mọ bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ náà lọ́dọọdún, bí omi ṣe ń kún ojú títì ní Victoria Island. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn fi ń rọ́ iyanrìn padà síbẹ̀, kí wọ́n tó wá kọ́ ògiri ìlú tuntun Eko Atlantic. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Kútọnù ní orílẹ̀-èdè Benin lẹ́yìn tí wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn rẹ̀ ní 1965, àti ní Lomé tí tirẹ̀ ṣí ní 1968: ìlà-oòrùn èbúté ń sọ ilẹ̀ nù. Ní Tógò, ìlú Aného tí àwọn ògbójú atukọ̀ tẹ̀ dó ti wà lára àwọn tí òkun ń jẹ. Ó dùn mí púpọ̀ pé àwọn tó ń jẹ èrè èbúté kì í ṣe àwọn tí ilé wọn ń wó lọ sínú omi.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Kánò nígbà tó fi di 1912. Ní 1926, wọ́n ṣí wáàfù omi jíjìn ní Apápá, ojú irin sì wọ inú rẹ̀. Ẹ̀pà Kánò, kòkó Ìbàdàn àti Oǹdó, gbogbo wọn forí lé ibẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ìlú ẹ̀bá ọ̀sà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ọjà Ẹ̀jìnrìn, tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n máa ń kún ojú omi rẹ̀ fọ́fọ́ lọ́jọ́ ọjà, tí Ìjẹ̀bú àti Èkó ti ń pàdé, ó rọ. Àgbádárìgì di ìlú tí àwọn ènìyàn ń lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àjàṣẹ́ ṣì ń jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin lórí ìwé, ṣùgbọ́n Kútọnù ni ọjà wà.

Apápá náà rí ìyọnu tirẹ̀. Ní 1975, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti ránṣẹ́ ra símẹ́ǹtì tó tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ọkọ̀ tó lé ní 400 ló dúró lójú òkun Èkó tí kò ráyè já ẹrù. Símẹ́ǹtì ń dì nínú ọkọ̀, owó ìdúró sì ń gorí owó. Ìyẹn ló mú kí wọ́n yára kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977. Ẹ̀yin tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ká mọ́ ojú ọ̀nà Apápá nísinsìnyí ni ẹ lè sọ bóyá ó tó.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní 2023, wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kí, omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ọkọ̀ tí kò lè dé Apápá láéláé ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Etí òkun Kòsọ́kọ́ tún di ẹnu ọ̀nà. Àwọn náà to òkúta wọ inú òkun, iyanrìn sì ṣì ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn bó ti ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn abúlé tó wà níhà ìlà-oòrùn ibẹ̀ ni kí ẹ bá mi máa fojú sí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan lọ́dọ̀ yín kí n tó lọ. Èbúté Èrò àti Èbúté Mẹ́ta ti di orúkọ ibùdókọ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n láàárín Àgbádárìgì àti Ẹ̀pẹ́, èbúté kéékèèké tí ọkọ̀ epo ti ń gúnlẹ̀ pọ̀ tí ìwé kankan kò dárúkọ. Bí ìyá àgbà yín bá ti bá ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ná ọjà Ẹ̀jìnrìn, bí bàbá yín bá ti tukọ̀ lórí ọ̀sà rí, ẹ jókòó tì wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè orúkọ àwọn èbúté náà lọ́kọ̀ọ̀kan, irú ẹrù tí wọ́n ń kó níbẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ń ná an. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa ní ilé iṣẹ́ yìí. A ó kà á síta lórí ètò yìí, pẹ̀lú orúkọ ìlú yín.